Òkúta Tí Akínfẹ́nwá Sè

Akínfẹ́nwá kì í ṣe ojo. Ó lé ní ogún ọdún tó ti ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Trans-Amadi, iná sì ti gbé e lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́dún 2017, òyìnbó tó ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ padà sílùú rẹ̀, ó wá fi àpótí onígíláàsì kan ta á lọ́rẹ. Omi iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òkúta inú òkun àti ẹja mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní gobi. Ẹja náà ò gùn tó ìka ọwọ́. Orí òkúta ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa yí ojú kiri bí arúgbó tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Akínfẹ́nwá gbé wọn sí pálọ̀ rẹ̀ ní Rumuodara. Láràárọ̀, kó tó jẹun, á ti wọn iyọ̀ omi wọn wò.

“Bàbá Àsàmáù, ẹ̀yin tẹ́ ò mọ ìgbà tí iyọ̀ tán ní ilé ìdáná!” Roqeebah ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó yá, ohun abẹ̀mí inú òkun kan, rìbìtì rìbìtì bíi bọ́tìnnì, hù bo ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà. Ó ń ràn lọ síbi ihò tí akọ gobi ti ń ṣọ́ ẹyin. Lọ́sàn-án Sátidé kan, tí Roqeebah lọ sọ́jà Mile 3, Akínfẹ́nwá yọ òkúta yẹn, ó gbé e sínú ìkòkò, ó sì ń sè é kí nǹkan náà lè kú. Èéfín omi kún ilé ìdáná, ó gba ibẹ̀ dé pálọ̀, níbi tí Àsàmáù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé.

Kò pé wákàtí kan tí ẹnu Akínfẹ́nwá fi ń korò bíi pé ó lá irin. Àyà rẹ̀ fún. Ó pè é ní ibà, àfìgbà tó gbọ́ ikọ́ Àsàmáù. Ó bá a tó ń gbọ̀n lórí àga.

“Daddy, my chest dey pain me.”

Akínfẹ́nwá sáré pe Afeez lórí fóònù, ẹni tó máa ń bá òyìnbó náà fọ àpótí.

“Ẹ se kí ni? Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ọmọ jáde! Májèlé ló wà lára nǹkan yẹn! Ọ̀gá òyìnbó ní kò gbọdọ̀ fojú kan iná!”

Ó pa gáàsì, ó gbé ọmọ lé èjìká, ó já síta láìwọ bàtà. Nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé wọn, bí Àsàmáù bá dákẹ́, á mì ín. Bó bá wúkọ́, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọwọ́ ara òun lòun fi sè é: ohun tó ń lọ lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn títí wọ́n fi dé ọsibítù.

“Òkúta ẹja?” Dókítà bi í lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Wọ́n fi atẹ́gùn sí ọmọ nímú, wọ́n tẹ́ bàbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Odidi ọjọ́ méjì ni Roqeebah fi jókòó láàárín wọn. Àyà ọmọ tó ń lọ sókè sódò ló ń wò. Lọ́jọ́ kẹta, Àsàmáù ní ebi ń pa òun, ni ìyá rẹ̀ bá bú sẹ́kún.

“Àwọn ẹja yẹn ò gbọdọ̀ gbé ilé mi mọ́,” ló sọ.

Akínfẹ́nwá padà sílé lọ wo àpótí náà. Ẹja kan ti kú. Ó gbé mẹ́ta tó kù, pẹ̀lú àpótí wọn, lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àsàmáù ń bẹ̀bẹ̀ títí pé òun fẹ́ wò wọ́n, bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀, bó bá fẹ́ fọwọ́ kan omi náà, á kọ́kọ́ ṣí gbogbo fèrèsé, á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ìgúnpá.