Mo Wọ Rélùwéè Lọ sí Sáríà Nítorí Másà

Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo kúrò nílé wa ní Súrúlérè. Ọkọ mi ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi dé ibùdó rélùwéè ní Ìdó. Aṣọ inú àpótí mi kò tó nǹkan. Ohun tó mú un wúwo ni òṣùwọ̀n ilé ìdáná mi, àwọn ṣíbí ìwọ̀n mi, àti ìrẹsì agolo mílíkì mẹ́rin tí mo bù nínú àpò tó wà nílé. Ọkọ mi wo ìrẹsì náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ nìkan ni mo rí tó ń gbé ìrẹsì lọ sókè Ọya. Ṣé ebi ń pa wọ́n níbẹ̀ ni?"

Mo ti ọmọrí àpótí náà pa. Ara mi ò balẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè nílé ẹ̀kọ́ kan ní Yábàá kí n tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe mítípáì àti ṣinṣín fún àwọn ọ́fíìsì, tí mo sì ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé ní pálọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé. Mo wá kọ ìwé oúnjẹ, oúnjẹ gbogbo Nàìjíríà, láti etí òkun dé òkè Ọya. Ilé ìtẹ̀wé kan gbà á. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mẹ́fà fi ìwé náà ṣe másà, ìyẹn àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, tí gbogbo rẹ̀ fọ́ sínú epo bí iyanrìn.

Ẹ̀bi mi ni. Àǹtí Rẹ̀mí, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n bí sí Sáríà, ló pe bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún mi, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò ṣe é rí, rírà ni wọ́n máa ń rà á nílé wọn. Èmi náà kò sì dán an wò. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ní kí n kúkú yọ ojú-ewé náà, pé ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n èmi mọ̀. Ìwé tó bá parọ́ lójú-ewé kan, ta ni yóò gba ìyókù gbọ́? Mo bẹ̀ ẹ́, ó fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ní tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ òun ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ gbéra. Ẹni tó bá ń wọ rélùwéè kò nílò kó máa bi èèyàn níbi tó dé, ohun tí wọ́n ń gbé wá sí ojú fèrèsé á sọ fún un. Ní Ìlọrin, wàrà ni, kọ́bọ̀ márùn-ún ni mo ra tèmi, ó sì gbóná lọ́wọ́ mi. Ní Jẹ́bà, nígbà tí a fẹ́ gun afárá Ọya, ẹja gbígbẹ ni. Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni mo ra èyí tí àwọn ará ọjà Yábàá kò ní tà fún mi ní náírà kan, ká sọ òótọ́. Lẹ́yìn Jẹ́bà, igi bẹ̀rẹ̀ sí kúrú, afẹ́fẹ́ sì gbẹ títí ètè mi fi ń là.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo dé Sáríà. Màmá Rẹ̀mí, ìyá ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ọ̀ffà tó ti ń gbé Sábó, àdúgbò àwọn àlejò níbẹ̀, láti ìgbà èwe rẹ̀, ló gbà mí sílé. Nílé wa, a ó ní "ẹ kú ìrìn," ó parí. Níbẹ̀, wọ́n á bèèrè ilé, wọ́n á bèèrè ọmọ, wọ́n á wá ní, "Ina gajiya?" ìyẹn ni pé báwo ni àárẹ̀? Mo dáhùn bí Màmá ṣe kọ́ mi, pé kò sí àárẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbàdí ń ro mí gan-an. Màmá pọn omi ìwẹ̀ fún mi fúnra rẹ̀. Àgbà obìnrin! Ojú tì mí, inú mi sì dùn.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Jummai, ẹni tó ń ta másà ládùúgbò. Jummai gbọ́ Yorùbá dáadáa, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló bá dàgbà. Ó jókòó síwájú kasko rẹ̀, ìyẹn àwo amọ̀ tí ó ní ihò ribiti ribiti tí wọ́n ń da èlò sí. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ dà ni mò ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n wọ̀n ọ́n.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?" ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo wọn ìrẹsì rẹ̀ tó ti lọ̀, mo wọn káún, ìwúkàrà, ṣúgà. Gbogbo rẹ̀ bá ìwé mi mu! Bẹ́ẹ̀, ti Jummai ń wú, ó ń pọ́n, ó ń yí padà láìfọ́. Ṣé ọwọ́ mi ni kò dára ni? Mo tú ìrẹsì tí mo gbé láti Èkó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ju hóró kan sẹ́nu, ó gé e jẹ, ó tu ú dà nù.

"Èyí? Wọ́n ti bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bó o. Eléyìí kì í kúná, kì í lẹ̀ mọ́ra. Ìrẹsì túwó tí wọn kò bọ̀ la fi ń ṣe másà."

Ó bu tirẹ̀ sí mi lọ́wọ́: kúkurú, funfun bí ẹfun, ó rọ̀.

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi?" ni mo bi í.

"Ìyá, ṣé èèyàn tún ń sọ ìyẹn ni?"

Màmá Rẹ̀mí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n rẹ́rìn-ín, mo kàn dì mọ́ Jummai ni. Ó wọn ìrẹsì náà fún mi ní mudu méjì, ìyẹn abọ́ ìwọ̀n wọn, kò gba kọ́bọ̀ kan. Ó tún fún mi ní kasko kékeré kan. "Ẹ sáà máa fi ṣàdúrà fún mi," ó ní. Mo ń ṣàdúrà náà títí dòní.

Mo padà dé Súrúlérè lọ́jọ́ kẹjọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé jọ, a ṣe másà, ẹyọ kan kò fọ́. A jẹ ẹ́ tán síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo mú ìwé mi láti tún ojú-ewé másà kọ, mo sì fi orúkọ Jummai sí i. Mo wá ṣí ojú-ewé ìkọ́kọrẹ́, tí ìyá mi kọ́ mi ní Ìjẹ̀bú, èyí tí mo lè sè lójú oorun. Mo kà á bí ẹni pé Jummai ni mí: "Ẹ mú iṣu kan, ẹ rin ín."

Iṣu wo? Nílé wa, ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ pé ewùrà ni. Ta ló tún ń sọ ìyẹn?

Mo jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí másà fọ́, nítorí ìkọ́kọrẹ́ ì bá lọ bẹ́ẹ̀, èmi ì bá sì sọ pé àwọn ará òkè Ọya ni kò mọ̀ ọ́n sè.

Lọ́jọ́ kẹwàá, mo lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀gá na ọwọ́ láti gba ìwé náà.

"Ṣé másà ti tọ́, Màdáàmù?"

"Másà ti tọ́, sà," ni mo wí, mo sì di ìwé náà mú ṣinṣin. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ẹ̀rọ yín dúró. Tilé wa ló kù."