Ìgò Méje Baba Dígí

Ẹ má bi mí bí ọkọ mi ṣe ń sinmi, mi ò rí i kó sinmi rí. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń fọ alùpùpù ní ìkóríta, lábẹ́ páànù mẹ́ta tó fi igi gbé ró. Baba Dígí ni wọ́n ń pè é, torí tó bá fọ alùpùpù rẹ tán, o lè wo ojú ara rẹ nínú tánkì kó o tó lọ síbi iṣẹ́. Èmi ń ránṣọ nílé. Ilé wa ò jìnnà síbẹ̀. Tí mo bá pariwo lójú fèrèsé, ó máa gbọ́. Mo sì máa ń pariwo dáadáa. Àmọ́ bí mo bá ń bú u pàápàá, "ẹ" ni mo fi ń bú u; wọ́n kọ́ mi nílé.

Ìgò méje ni iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé. Ọṣẹ olómi ló wà fún ara alùpùpù, torí ó ní ọṣẹ ẹlẹ́bú tí a fi ń fọṣọ máa ń jẹ ọ̀dà. Kẹ́rósínì wà fún ṣéènì, omi kan wà tó ń yọ gíríìsì lára ẹ́ńjìnnì, ásíìdì tó fi omi là wà fún irin tó bá dípẹtà. Pólíìṣì ni ti tánkì, òróró tó mọ́ gaara bí omi, tó sì ń ta sánsán, ni ti síìtì. Ìkeje ni sípírítì, tó fi ń nu bírékì, torí kì í fi ọ̀rá sílẹ̀. Inú irú ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan náà ló rọ gbogbo wọn sí, kò kọ nǹkan kan sí wọn lára. Ọjọ́ tí mo ní kó kọ orúkọ sí wọn, ó wò mí bí ẹni tí mo bú bàbá rẹ̀.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹni tí ò mọṣẹ́ ló ń kàwé lára ìgò. Imú mi ni ìwé mi."

Á ṣí ìgò, á gbé e kọjá nímú báyìí, fìrì, ó ti mọ̀.

Àkọ́bí wa ni Nọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń pè mí. Òun náà ní alùpùpù, òun ló ń gùn láti ilé dé ilé lọ gún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni bàbá rẹ̀ máa ń bá a fọ̀ ọ́.

Nígbà òjò tó kọjá, ọ̀fìnkìn dá ọkọ mi wó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dìde lóòótọ́, àmọ́ láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ ò ti balẹ̀ mọ́. Á jókòó, á dìde. Á jáde, á tún padà wọlé bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, á wá dúró sáàárín ilé máa wo ògiri. Ọbẹ̀ mi tó máa ń yìn látẹnu ọ̀nà, ó wá ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ bébà. Mo tún rí i pé òwú ìránṣọ mi ń dín: pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Lọ́jọ́ kan mo ká a mọ́ ibi tó ti ń já a sápò.

"Baba Nọ́ọ̀sì, kí lẹ fẹ́ fi òwú ṣe?"

Ó ki òwú bọ àpò, ó jáde. Háà! Mo ti mọ̀. Obìnrin kan ló ń bọ́ ọ níta, ó sì tún ń gbé òwú mi lọ fún un! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bú obìnrin tí mi ò rí rí yẹn. Mo bú ẹsẹ̀ rẹ̀, mo bú irun orí rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo gbé ọbẹ̀ kaná, mo bọ́ síta lọ bá oníbàárà kan jiyàn lórí gígùn ṣòkòtò rẹ̀. Aládùúgbò wa ló lọgun látojú fèrèsé tiẹ̀: "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ọbẹ̀ ń jóná o!" Mo sáré wọlé. Ọkọ mi rèé, ó kẹ̀yìn sí ààrò, kò ju ìṣísẹ̀ méjì sí i, ó ń so okùn bàtà.

"Ṣé imú yín ti di ni?"

"Mo rò pé bó o ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn," ló wí. Ó mú fìlà, ó jáde.

Mo rẹ ìkòkò sómi, mo kọ́kọ́ parí ṣòkòtò oníbàárà yẹn; nígbà tó yá mo wá ń ha ìkòkò, mo ń bú u lọ, àfi bí ọwọ́ mi ṣe dúró gbagidi. Ọ̀fìnkìn. Ọbẹ̀ tí ò dùn mọ́. Òwú. Kò sí obìnrin kankan níta. Ọkọ mi ò gbọ́ òórùn mọ́, ìgò méje sì wà níwájú rẹ̀, òní sì ni ọjọ́ Ajé! Mo ju ìkòkò sílẹ̀, mo sáré jáde, èédú ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo bá a níbi tó ti ń rìn káàkiri abẹ́ páànù. Òwú mi rèé lóòótọ́, ó so ó mọ́ ìgò lọ́rùn kó lè máa fi àwọ̀ dá wọn mọ̀. Àmọ́ ọ̀rá ti mu búlúù àti àwọ̀ ewé, àwọn méjèèjì ti dúdú bákan náà.

"Èwo lẹ fi nu bírékì ọmọ mi?"

"Sípírítì ni."

Mo mú àkísà tó fi nù ún, mo gbé e sí imú. Ó ń ta sánsán bíi pàúdà ọmọdé. Òróró síìtì ni.

"Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ dà?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Ó gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iléèwé."

Ojú tó fi wo àkísà yẹn, mi ò fẹ́ rí irú ẹ̀ mọ́. A ki eré mọ́lẹ̀. Mo ń pe fóònù ọmọ náà, ó ń dún, kò gbé e. Èmi náà ni mo kọ́ ọ pé kó má gbé fóònù lórí alùpùpù. Mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rí i bá a ṣe ń sáré, ó tẹ̀ lé wa tòun ti sípánà.

A bá a nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó jókòó sórí òkìtì iyanrìn tí wọ́n fẹ́ fi kọ́lé. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìgúnpá rẹ̀, alùpùpù sì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ló ń sọdá nígbà tó ń bọ̀, ló bá dorí alùpùpù kọ iyanrìn. Mo gbá a mú, mo yẹ orí rẹ̀ wò, mo yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Orí mi gbà á fún mi.

"Bírékì ò mú, Màámi. Mo tẹ̀ ẹ́ títí." Ó wá rí mẹkáníìkì. "Ìwọ! Ọjọ́ Ẹtì lo pààrọ̀ ẹ̀ fún mi. O fẹ́ pa mí ni?"

"Èmi kẹ̀?"

Àwọn èèyàn ti pé jọ. Ẹnì kan ti di ọkùnrin náà láṣọ mú, wọ́n ń pè é ní apààyàn. Mo wo ọkọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo lè sọ ọ́, ó wà lẹ́nu mi, àmọ́ òun ló yẹ kó sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí pé ó máa dákẹ́. Ká sọ tòótọ́, tó bá dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò rò pé mo tún lè bá a gbélé.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Èmi ni."

Mẹkáníìkì ní, "Baba Dígí, ẹ má ṣàwàdà."

"Mi ò ṣàwàdà. Imú mi ti kú látìgbà òjò. Òróró ni mo fi pa bírékì ọmọ mi, mo sì pè é ní sípírítì. Wọ́n ní ikú yá j'ẹ̀sín. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ lọ́kàn mi. Àmọ́ ikú tèmi ni mò ń rò. Mi ò mọ̀ pé ikú ọmọ mi ni mo fẹ́ fi dípò tèmi."

Wọ́n tú ọkùnrin náà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi? Ṣebí iṣẹ́ mi nìyẹn." Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó gbé alùpùpù dìde. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

A ti alùpùpù padà. Mẹkáníìkì ní ọ̀rá ti mu bírékì, ó bọ́ ọ, ó fi tuntun sí i, kò sọ̀rọ̀ burúkú kankan. Ó wá ku irin pẹlẹbẹ tí bírékì ń dì mú, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Ọkọ mi ṣí ìgò kan, ó gbé e wá sí imú mi.

"Èwo nìyí?"

"Sípírítì ni."

"Tún un gbọ́."

Mo tún un gbọ́. "Sípírítì ni."

Ó da díẹ̀ sórí àkísà tó mọ́, ó tẹ̀ síwájú, ó tún dúró. Ó tún gbé àkísà náà padà wá sí imú mi lẹ́ẹ̀kẹta. Mi ò bú u. Mo fa òórùn náà sínú dáadáa, torí ọmọ wa ló máa gùn ún.