Èèsún Etí Odò Bàbá Ọdẹkúnlé

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 2014, Lukman kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí oko àna rẹ̀ ní Ìhùnbọ̀, wọ́n sì gé gbogbo èèsún tó wà létí odò kanlẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ ló fẹ́ ṣe. Ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọmọ ẹni ní láti wá ro oko fún bàbá ìyàwó, Lukman sì ń fẹ́ Habeebah, ọmọ Bàbá Ọdẹkúnlé. Ó ti wo oko náà dáadáa. Gbogbo rẹ̀ ló mọ́, àfi etí odò tí koríko ti ga ju èèyàn lọ. Ó ní ara àgbà ni, agbára bàbá ò ká a mọ́. Wọ́n dúró kí bàbá lọ sí ìlú Tube, wọ́n sì fi àdá pa á rẹ́, wọ́n tún hú apá kan tòun ti gbòǹgbò.

Nígbà tí bàbá dé, Lukman dọ̀bálẹ̀, ó ń retí àdúrà. Bàbá rin etí odò lọ, ó rìn ín bọ̀, ó jókòó sórí koríko gígé. Àwọn kan ní ó sunkún. Lukman ní irọ́ ni, ó kàn ń mí sókè mí sílẹ̀ ni.

"Lukman, ta ló rán ọ sí mi?"

"Habeebah ni, Bàbá."

"Ó dáa. Ọjọ́ tí koríko mi bá ga padà ni wàá mú un lọ."

Bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀wẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, tí àwọn géńdé ń gbin koríko nínú oko olóko. Àwọn tó ń kọjá béèrè bóyá àgbàdo ti tán láyé ni.

Ojoojúmọ́ ni Lukman ń lọ bá èèsún dúró, ó ń wò ó bóyá ó ti dé èjìká òun. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó yọ́ lọ da ajílẹ̀ òyìnbó sí i nídìí. Bàbá rí hóró funfun náà nílẹ̀. Ó ní kí Lukman padà wá tí òjò bá ṣú.

Òjò dé. Bàbá mú un wọnú odò, Habeebah dúró lókè lábẹ́ agbòjò. Ilẹ̀ gẹ̀rẹ́ ni oko náà. Níbi tí gbòǹgbò èèsún àtijọ́ ṣì dì mú, omi tó ń ṣàn bọ̀ mọ́. Níbi tí wọ́n hú tòun ti gbòǹgbò, omi pọ́n bí epo, ó ń gbá iyẹ̀pẹ̀ àti ajílẹ̀ bọ̀ wá sínú odò tí gbogbo ìlú ń mu. Bàbá fi igbá bu èyí tó pọ́n, ó ní kí Lukman mu ún.

Lukman wo Habeebah. Habeebah wo ojú ọ̀run. Lukman gbé igbá sẹ́nu.

Bàbá já a gbà kíá. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọkùnrin náà ní làákàyè ni, àṣé ìfẹ́ nìkan ló ní.

Èèsún ga, ìyàwó lọ sílé ọkọ. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó kọjá tí bàbá ò fà wọnú odò láti wo omi. Àwọn ọlọ́kadà tó ń lọ sí Tube a máa pa ẹ́ńjìnnì lókè, wọn a yọ́ rọra sọ̀ kalẹ̀ kó má baà gbọ́ wọn. Abdulrauf, tí oko rẹ̀ wà lókè odò, bá a jà fún ọdún mélòó kan lórí ọ̀rọ̀ èèsún yìí. Ní ọdún kan, láìsọ fẹ́nìkan, òun náà gbin èèsún.

Bàbá Ọdẹkúnlé papò dà ní oṣù kejì ọdún tó kọjá. Lukman ló ń dá oko náà báyìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò ńlá, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn omi. Omi náà mọ́ débi pé ó ń rí òkúta nísàlẹ̀. Koríko mì díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti yára kí i kó tó rántí:

"Ẹ kú oko o, Bàbá."