Ògbufọ̀ Obìnrin Ìránì

Bisikíìtì tí wọ́n fún wa lọ́jọ́ yẹn ti rọ̀. Tó o bá gé e jẹ, kò ní dún, á kàn tẹ̀ mọ́ ọ lẹ́nu bí páálí tí òjò pa. Inú ti ń bí mi kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé èmi ni mo rà á.

Họ́ọ̀lù kan ní Thamesmead nílùú òyìnbó ni. Obìnrin Ìránì kan tó ń gbé lókè wa ló máa ń fi fíìmù ìlú wọn han àwọn ará àdúgbò níbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Ìyá ìyàwó mi ni mo mú lọ. Ìjẹ̀bú ni Màmá ti wá bá wa wẹ ìbejì wa, ó sì ti ń sọ pé òtútù yìí ti tó òun, ilé yá. Bẹ́ẹ̀ ìyàwó mi fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó ń ṣe ní Woolwich. Bí Màmá bá lọ, ó ku èmi àtọmọ méjì, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀kan kí èkejì má fẹkún fọ́ ilé. Mo ní kí n mú un jáde, bóyá ara ẹ̀ á yá díẹ̀, kí n wá ibi bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì lọ.

Màmá ò gbọ́ òyìnbó, ó ní kí n máa túmọ̀ fíìmù náà fóun. Mo ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà. Mọ́dà sùkúù ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, àbí òun ló fi mí sílẹ̀, òyìnbó tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ fíìmù náà sì ń sá bí ẹni tọ́lọ́pàá ń lé. Kí n tó ka ọ̀rọ̀ kẹta, wọ́n ti palẹ̀ mọ́.

Ni mo bá ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣògbufọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Plumstead. Mo dìde, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí fíìmù ń hàn sí, mo kọjú sí ìjọ. Obìnrin Ìránì náà wò mí, ó rọra ní kí n sún díẹ̀, pé orí mi bo àgùntàn.

Fíìmù náà kì í kánjú. Obìnrin abúlé kan ń po ìyẹ̀fun, ó pò ó títí ọwọ́ fi ń dun èmi. Ó fún wàrà ewúrẹ́, ó pọnmi gun òkè. Ọkọ ẹ̀ àtàwọn ọkùnrin yòókù jókòó ti tíì, wọ́n ń jíròrò bómi ṣe jìnnà tó. Ilẹ̀ ṣú nínú fíìmù, obìnrin yìí fẹ̀yìn lélẹ̀ tòun ti ìbòrí. Màmá, Àlhájà gidi, bi mí pé ta ló ń borí fún nínú yàrá ara ẹ̀. Mo bi obìnrin Ìránì tó ni fíìmù. Ó ní lóòótọ́ wọ́n ń ṣí i nílé, àmọ́ òfin fíìmù ìlú wọn ni, torí àwa tá à ń wò ó kì í ṣọkọ ẹ̀.

Màmá ní, "Á jẹ́ pé ó mọ̀ pé à ń wo òun." Látìgbà náà, bí obìnrin yẹn bá ti gbẹ́rù dé, Màmá á kí i kú iṣẹ́.

Nígbà tó yá, ọmọ obìnrin inú fíìmù náà bímọ nígboro, ó lọ bá a níbẹ̀. Mo ní àyè rèé. Ó sọ gbólóhùn kékeré kan, mo na tèmi gùn. Mo ní ó ní òun ò lọ mọ́, òun á dúró títí ọmọ tuntun á fi rìn, pé ọkọ ọmọ òun, èèyàn dáadáa ni. Mo na ọwọ́ méjèèjì. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé ọ̀rọ̀ ń wọlé. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan tó wá wò ó tiẹ̀ ṣàmín. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn ni mo rí i pé obìnrin náà ti dẹrù, ó ti wọ bọ́ọ̀sì, ó ń juwọ́ sọ́mọ ẹ̀.

A dé ibùdókọ̀. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé èdè Ìránì jinlẹ̀, pé èèyàn lè sọ pé òun ń lọ kó jẹ́ pé ó ń dúró. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Bàbá Ìbejì, tó o bá fẹ́ kí n dúró, ẹnu ara ẹ ni kó o fi bẹ̀ mí. Ẹrù tí obìnrin yẹn ń gbé ti pọ̀ tó."