Ìdì Aṣọ Tó Ń Rìn láti Ìjẹmọ̀ dé Ọ̀dẹ̀dá

Ní agbo ilé tí wọ́n bí Mùsílíù sí ní Ìjẹmọ̀, ọkùnrin ló ń gé páànù, obìnrin ló ń fi í ṣiṣẹ́. Ọkùnrin á mú páànù pẹlẹbẹ, á fi ọ̀bẹ àti òòlù gé ẹyẹ tàbí ewé sínú rẹ̀, títí á fi lu bí ajere. Obìnrin á tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun, á fi ẹ̀kọ láfún ra á lójú. Ibi tí ẹ̀kọ bá mú, aró ò ní í wọ̀ ọ́. Adìrẹ dé nìyẹn.

Jùbrílù, ẹ̀gbọ́n Mùsílíù, ló mọ páànù gé jù ní àdúgbò náà. Ó sì háwọ́. Bí àlejò bá wọlé bá a lẹ́nu iṣẹ́, Jùbrílù á jókòó lé páànù rẹ̀ kí onítọ̀hún má bàa rí i. Lọ́dún 1982, inú rírun gbé e lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹjọ ìsìnkú, Mùsílíù ṣí àpótí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kó páànù sí. Òjò ti ń jò sínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Gbogbo wọn ti dípẹtà. Ó gbé ọ̀kan, ó rún mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ. Iṣẹ́ ogún ọdún.

Kò sunkún. Ó ti sunkún tán lójú oórì. Ohun tó ń rò ni pé ká ní Jùbrílù fi iṣẹ́ náà han ẹni méjì péré, ì bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìdì aṣọ ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ lọ bá Túbọ̀sún ní Àdìgbé, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára mọ́tò, tó sì ń ya àwòrán síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí àwọn tó ń fi ọwọ́ ya nǹkan máa ya iṣẹ́ tuntun wọn sórí aṣọ funfun, kí wọ́n dì í pọ̀, kí wọ́n máa fi rán awakọ̀ sí ara wọn. Ẹni tó bá gbà á á wò ó, á kọ́gbọ́n, á fi tirẹ̀ kún un.

Túbọ̀sún rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹmọ̀ tí ẹ ń fi ìdí bo páànù! Ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ ká tú gbogbo ẹ̀ síta?"

"Ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún, ẹni tó ń fìdí bò ó ti kú."

Túbọ̀sún gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Mú ìdì ẹ wá."

Ẹnìkẹta ni Fárọ̀mbí, bàbá àgbẹ̀ kan ní abúlé lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá, tó máa ń fín igbá bí iṣẹ́ oko bá dẹwọ́. Ìwé mẹ́rin péré ni Mùsílíù kà, ṣùgbọ́n òun ló kọ òfin sórí awẹ́ bébà, tó rán an mọ́ etí ìdì: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo iṣẹ́ ẹlòmíràn láìtọrọ.

Ìdì náà ń rìn. Fárọ̀mbí ń fi èédú ya ojú igbá rẹ̀ ránṣẹ́, Túbọ̀sún ń fi àwòrán kìnnìún ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá a sílẹ̀ gan-an ni ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Bí ìdì bá dé, Mùsílíù á ka aṣọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Á bi awakọ̀ pé ta ló jókòó tì í. Awakọ̀ á ní, "Ṣé wúrà ló wà níbẹ̀ ni?"

Nígbà tó di oṣù kẹta tí ìdì ti ń rìn, ó fi ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ síbẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ Jùbrílù, ẹyọ kan péré ló rántí délẹ̀: ẹyẹ kan tó la ìrù, tó fi ẹnu mú ọkà. Ó gé e sínú páànù tuntun láti inú orí. Ó fi èédú ya á sórí aṣọ, ó fọ páànù náà, ó fi kọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé kó gbẹ. Aṣọ náà bá ìdì lọ sí Àdìgbé. Ọ̀sẹ̀ kan ni ìdì máa ń lò lọ́dọ̀ ẹnì kan. Lọ́tẹ̀ yìí, ó lo méjì lọ́dọ̀ Túbọ̀sún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Mùsílíù kírun tán, ó gba ọjà aláṣọ ní Ìtòkú kọjá. Ó rí ẹyẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wà lára adìrẹ tí wọ́n ká sórí àtẹ, tòun ti ọkà lẹ́nu. Ó dúró síbẹ̀. Kò bi ọlọ́jà léèrè. Ó ní bí òun bá béèrè, wọn á ta olè lólobó. Ó kàn ń wò ó. Ẹyẹ tí òun gé, apá ọ̀tún ló ń wò. Èyí ń wo òsì. Ta ló lè dà á kọ láti ẹ̀yìn? Ó rántí Túbọ̀sún, bó ṣe máa ń lẹ bébà mọ́ gíláàsì fèrèsé kó tó tẹ̀ lé ojú ìlà láti ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yé e. Ó gba Àdìgbé lọ.

Túbọ̀sún wà lórí àkàbà, ó ń kọ̀wé sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Onímọ́tò àti àwọn èèyàn rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi.

"Túbọ̀sún! Sọ̀ kalẹ̀!"

Ọdún mẹ́wàá ni Túbọ̀sún fi jù ú lọ. "Ta lò ń bá wí báyẹn?"

"Ẹyẹ ẹ̀gbọ́n mi wà ní Ìtòkú. Gíláàsì lo fi dà á kọ. Olè ni ọ́."

"Ṣé èmi ń rẹ aró ni? Wo ọwọ́ mi. Ọ̀dà ni."

"O gbé e fún aláró."

Onímọ́tò bú sẹ́rìn-ín. "Ẹyẹ ti fò dé Ìtòkú, kò sanwó ọkọ̀!"

Túbọ̀sún ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé, ó gbé ìdì náà jáde, ó jù ú síwájú rẹ̀. "Ìyàwó mi ló ṣàìsàn tí mi ò fi rán an. Gbé e. Má tẹ ilẹ̀ ibí mọ́."

Mùsílíù fi ìdì ránṣẹ́ sí Fárọ̀mbí, ó ní kí awakọ̀ sọ pé Túbọ̀sún ti kúrò nínú àwọn. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá náà wọ mọ́tò wá sí Ìjẹmọ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán.

"Ṣé o ti béèrè nílé?"

"Ilé wo, bàbá?"

"Ilé tiyín. Bí ẹyẹ bá sọnù, ìtẹ́ rẹ̀ la kọ́kọ́ ń wò."

"Bàbá, opó ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wà nílé."

"Opó ò lọ́wọ́ méjì ni?"

Wọ́n jọ lọ sẹ́yìnkùlé. Kùdírátù, ìyàwó Jùbrílù, wà nídìí ìkòkò aró. Oṣù mẹ́rin òun ọjọ́ mẹ́wàá tó fi ń ṣe opó kò tíì pé, kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Páànù ẹlẹ́yẹ wà níwájú rẹ̀.

Mùsílíù ní, "Ìyàwó, ta ló fún ọ ní páànù yìí?"

"Ọkọ mi, ṣebí ẹ̀yin náà ni. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá gé páànù tán, ara ògiri yìí ló ń fi kọ́ fún mi. Kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti rí i níbẹ̀, mo mọ̀ pé iṣẹ́ dé." Ó fi apá nu ojú. "Ọjọ́ tí mo rí tiyín, mo ní wọn ò tíì gbàgbé mi nílé yìí. Bùsírátù àbúrò mi ló ń bá mi tà á."

Mùsílíù gbé páànù náà. "Kí ló dé tí ẹyẹ Ìtòkú fi ń wo òsì?"

Kùdírátù rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. "Ẹ̀yin tí ẹ ń gé e, ẹ ò mọ̀? Bí ẹ̀kọ bá dí ojú kan, a ó yí i padà, a ó lo ojú kejì." Ó tẹ́ aṣọ kan sílẹ̀. Ìdajì àwọn ẹyẹ ara rẹ̀ ń wo ọ̀tún, ìdajì ń wo òsì, wọ́n kọjú síra wọn. Ní Ìtòkú, kíká ni wọ́n ká a. Apá kan péré ni Mùsílíù rí.

Fárọ̀mbí ní, "Ẹsẹ̀ tó o fi lọ sí Àdìgbé ṣì wà lára ẹ."

Mùsílíù lọ. Túbọ̀sún jẹ́ kó dúró títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tí onímọ́tò ọjọ́sí àti àwọn èèyàn rẹ̀ pé jọ, ó ní, "Ó yá. Níwájú wọn lo ti sọ tàkọ́kọ́."

Mùsílíù dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún, mo purọ́ mọ́ yín. Nílé wa ni ẹyẹ náà ti jáde. Èmi ni mo fi páànù kọ́, tí ìyàwó wa fi lò ó. Ẹ má bínú."

"A ò gbọ́ o!" onímọ́tò ní. "Pariwo ẹ̀ bíi tọjọ́sí!"

Ó tún un sọ sókè. Túbọ̀sún kọ lẹ́tà mẹ́ta sára ọkọ̀ kó tó dáhùn.

"Ọ̀dọ̀ ta ni ìdì wà?"

"Ọ̀dọ̀ bàbá Fárọ̀mbí."

"Kí wọ́n fi rán mi. Kó má gba Ìjẹmọ̀ kọjá."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìdì dé ọ̀dọ̀ Mùsílíù láti Àdìgbé. Wọ́n ti fi òwú rán ẹnu rẹ̀ pa. Bébà kan wà lókè, Túbọ̀sún kọ iye aṣọ inú rẹ̀ síbẹ̀, awakọ̀ tẹ̀ka sí i. Kò sí ìkíni kankan níbẹ̀. Mùsílíù tú òwú náà, ó ka aṣọ, ó pé. Ó fi aṣọ Kùdírátù kún un, ó kọ orúkọ obìnrin náà sí bébà tí iye aṣọ wà. Ó wá abẹ́rẹ́, ó rán ẹnu ìdì náà pa bí Túbọ̀sún ṣe rán an, ó sì gbé e lọ sí gáréèjì ọkọ̀ Ọ̀dẹ̀dá.