Ta Ni Yóò Ṣíwájú Ìbọn Òyìnbó?

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin ní Odìgbó, ìbọn kò ṣàjèjì sí mi rárá. Ṣakabùlà bàbá mi máa ń fara ti ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ rí bí mo bá jí. Oko kòkó ni bàbá mi ń ṣe, ṣùgbọ́n ìdílé ọdẹ ni wọ́n bí wọn sí. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé ìbọn lásán ló kó wa láyà sókè ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìbọn tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni.

Ogun abẹ́lé kò tíì pẹ́ tó parí nígbà náà. Ogun ọ̀hún dé Ọ̀rẹ̀, inú igbó ni ìyá mi gbé mi sá sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni owó epo rọ̀bì dé, tí wọ́n ń la títì, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kù ní ìkòríta, tí àlejò sì ń wọlé láti ibi gbogbo. Òyìnbó kan wà nínú wọn tó ń bá àwọn tó ń yẹ ọ̀dà abẹ́ ilẹ̀ wò ní Agbábù ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ tí ìyá mi ń rọbí àbúrò mi tí ọmọ kò fẹ́ wálẹ̀, ọkọ̀ òyìnbó yìí ni wọ́n fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ló rán an sí wa, tìyátọmọ ló yè. Inú ayọ̀ yẹn ni bàbá mi wà tí wọ́n fi ṣèlérí fún un pé bó bá ti ìsinmi dé láti ìlú rẹ̀, àwọn yóò mú un lọ ṣọdẹ.

Bàbá mi rò pé yóò wá yá ìbọn ni. Wọn kò mọ̀ pé yóò gbé tirẹ̀ wọ bàálù wá láti ìlú òyìnbó. Àpótí gígùn kan tí wọ́n fi àgádágodo tì ló gbé wọ agbo ilé wa, pẹ̀lú àpótí kékeré kan tí ọta wà nínú rẹ̀. Èmi ni ògbufọ̀ wọn, nítorí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo ń lọ, mo sì ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó ní àwọn aṣọ́bodè ní Èkó ti yẹ ẹrù náà wò, àti pé àwọn ọlọ́pàá Ọ̀rẹ̀ dá òun jókòó títí oòrùn fi rọlẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí òun kọjá. Ó ní òun fúnra òun ni òun ṣe àwọn ọta náà nílé, tí òun wọn ẹ̀tù sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè bá ìbọn òun mu wẹ́kú. Inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Tèmi kò dùn, torí mo ń rí ojú àwọn àgbà bí mo ṣe ń túmọ̀ rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kárí ìlú. Àwọn kan ní ìbọn ogun ni. Àwọn mìíràn ní ẹni tó ń wá ọ̀dà, kí ló fẹ́ fi ìbọn ṣe, àfi bó bá jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń wá ní Agbábù. Ìyá mi ní kí n bi òyìnbó náà bóyá ó ti ṣe ìrìbọmi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí òun gbéyàwó ni òun dé ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ tán, ìyá mi gbé ọmọ pọ̀n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, olórí ọdẹ dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan fún yín. Láàárín àwọn ọdẹ wa, ẹni tó mọ̀nà ló ń ṣíwájú, àlejò á tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn ẹni tó ń ṣíwájú á sì máa wà lójú ìbọn àlejò. Nítorí náà, kí wọ́n tó wọgbó, wọ́n á fún ara wọn ní ẹ̀tù àti ọta. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ọta tó ti ọwọ́ mi dé ọwọ́ rẹ kò ní padà wá bá mi. Olórí ọdẹ gbé ẹ̀tù kalẹ̀ níwájú òyìnbó. Òyìnbó wò ó, ó mi orí. Ó ní bí òun bá fi èyí sínú ìbọn òun, yóò bú gbàmù lójú òun, àti pé tòun náà yóò fa ṣakabùlà bàbá mi ya. Ó sì pa àpótí kékeré rẹ̀ dé.

Olórí ọdẹ yíjú sí bàbá mi.

"Ẹni tó kọ ẹ̀tù rẹ ti sọ inú rẹ̀ fún ọ. Bí o bá bá a lọ, àwa ò ní wá ọ o."

"Bàbá, mo ti ṣèlérí," ni bàbá mi wí. "Ẹni tó gba aya àti ọmọ mi là ni."

Ìyá mi dá sí i láti ẹnu ọ̀nà: "Ṣé kí n lè di opó ló ṣe gbà mí là ni, bàbá ọmọ mi?"

Òyìnbó bi mí ohun tí wọ́n ń sọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó jókòó sórí àpótí gígùn náà, ó ń wo ilẹ̀, mo sì rò pé yóò bínú lọ. Nígbà tó yá, ó dìde, ó yọ ìbọn náà, ó ṣí i kí gbogbo wa rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó wá gbé àpótí ọta lé bàbá mi lọ́wọ́.

"Sọ fún bàbá rẹ pé àwọn ni kí wọ́n máa gbé e. Bí a bá rí ẹran, kí wọ́n fún mi ní ẹyọ kan."

Olórí ọdẹ ní kí wọ́n yẹ àpò rẹ̀ wò. Òyìnbó na ọwọ́ sókè, wọ́n yẹ ẹ́ wò, súìtì ni wọ́n bá níbẹ̀. Olórí ọdẹ wo súìtì náà títí kí wọ́n tó dá a padà fún un. Wọ́n ní ó dáa, ọta yóò ti ọwọ́ ọmọ wa dé ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n máa lọ.

A jókòó, a ń bẹ gbágùúdá. Ìyá mi ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sán, a gbọ́ ìró ìbọn kan ṣoṣo láti ọ̀nà igbó, kò sì dún bí ìró ṣakabùlà. Ọ̀bẹ ọwọ́ ìyá mi dúró sára gbágùúdá. Wọn kò bẹ ẹyọ kan mọ́ títí a fi rí òyìnbó tó yọ láti inú igbó kòkó pẹ̀lú ìgalà léjìká. Òun nìkan la kọ́kọ́ rí. Ìyá mi ti figbe ta kí bàbá mi tó yọ lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá mi sọ fún wa lẹ́yìn náà pé bí àwọn ṣe fún un ní ọta tán ni àwọn rọra bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn sì na ìbọn tàwọn sí i. Wọ́n ní òyìnbó bojú wẹ̀yìn, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí ẹran, ó sì yìnbọn. Wọ́n gbé ìpín olórí ọdẹ lọ fún wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà. Olórí ọdẹ fi tiwọn kọ́ sókè ààrò. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n rí i pé àwa tí a ti jẹ ẹ́ ṣì wà láàyè ni wọ́n tó sè é.

Bàbá mi dàgbà dárúgbó, orí ibùsùn wọn ni wọ́n kú sí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà ayé wọn, bí a bá fura sí ẹnìkan, a ó sọ ọ́ lójú rẹ̀, a ó sì sọ ohun tó lè ṣe kí ọkàn wa fi balẹ̀. Oko yẹn ti di ti ọmọkùnrin mi báyìí. Ní ìkórè tó kọjá, ó gbọ́ ìró ìbọn nínú igbó lápá Ajué, ó fi kòkó tó ti ká sílẹ̀, ó sì sá wálé. Àwọn aládùúgbò náà gbọ́ ọ. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bi wọ́n ìbọn ta ni, olúkúlùkù sì ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ọn.