Àbúrò mi sẹ́ ọmọ mi lójú mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àbúrò tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ ló sẹ́ ọmọ mi lónìí.

Láti ìgbà tí ọ̀kadà ti kọ lu Tèmi, ọmọ mi, tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa, kò lè rìn, kò lè sọ̀rọ̀. Bùkọ́lá, àbúrò mi yìí, ló ń bá mi wẹ̀ ẹ́, tó ń bá mi fún un lóúnjẹ.

Lọ́sàn-án òní, ìyá àfẹ́sọ́nà Bùkọ́lá wá kí wa nílé, ní Galadimawa. Bí Tèmi ṣe gbọ́ ohùn àǹtí rẹ̀ báyìí, ló bá ń rẹ́rìn-ín.

Màmá náà ní, "Ọmọ ta nìyí?"

Bùkọ́lá ò tiẹ̀ wo ojú mi. "Ọmọ aládùúgbò ni, mà. Wọ́n ní ká bá àwọn mójú tó o."

Ó dùn mí wọ egungun. Mo gbé Tèmi lé itan. "Ọmọ mi ni, mà. Èmi ni mo bí i."

Nígbà tí àlejò lọ, Bùkọ́lá bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ló bà mí. Wọ́n á ní irú àìsàn yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa."

Mo ní, "Ṣé ọ̀kadà máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni?"

Tèmi sì ń nawọ́ sí Bùkọ́lá, kó gbé òun.

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa lọ síbi ìgbéyàwó Bùkọ́lá?